Máàkì Méjì Nínú Ogún

Ní yunifásítì orí òkè tó wà ní Wallanbah, bí o bá fẹ́ kí ojú akẹ́kọ̀ọ́ kan yí padà lójijì, dárúkọ Dókítà Bronwyn Tuckwell sí i létí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin náà ti ń kọ́ni nípa eṣinṣin àti ìdin, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó lè jáde wá sọ pé òun bẹ Bronwyn títí tó fi fi ẹyọ máàkì kan kún ti òun. Wọ́n ti sunkún lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti gbé òdòdó wá. Ọ̀kan tilẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ wá láti Tamworth. Ìyá jókòó, ó mu tíì, ó sì padà sí Tamworth pẹ̀lú ìmọ̀ kíkún nípa ìdí tí ọmọ rẹ̀ fi gba mọ́kàndínláàádọ́ta. Báírò pupa Bronwyn máa ń wà létí rẹ̀ bí pẹ́ńsù káfíńtà, ohun tó bá sì ti fi kọ, ó ti kọ ọ́ nìyẹn.

Ẹni tó bá rò pé ìkà ni, kò mọ̀ ọ́n. Àánú àgùntàn pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé kò lè jẹun lọ́jọ́ tó bá rí èyí tí ìdin ń jẹ. Bí òjò bá ti rọ̀ tí oòrùn sì tẹ̀ lé e, eṣinṣin a lọ yé sí ìdí àgùntàn níbi tí irun ti tutù, kó tó di ọjọ́ kẹta, ìdin ti ń jẹ ẹran náà láàyè. Ta ni yóò máa gbé ìrù àgùntàn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wò lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀? Nígbà tí àgbẹ̀ bá fi rí i, ẹran ti dùbúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Bronwyn fi ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbóòórùn ìdin kí ojú ènìyàn tó rí i. Imú ni wọ́n ń pè é.

Ọdún mẹ́ta ni Bronwyn fi ń so Imú mọ́ àgùntàn nídìí. Ó ń já bọ́. Àgùntàn ń dùbúlẹ̀ lé e. Ọ̀kan tilẹ̀ jẹ ti ẹnìkejì rẹ̀, ó sì gbé e mì, bẹ́ẹ̀ ẹyọ Imú kan wọ́n ju àgùntàn fúnra rẹ̀ lọ. Àfi lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹjọ tí òtútù mú, tó sùn gbalaja sínú omi gbígbóná nínú báàfù, ni èrò kan sọ sí i lọ́kàn: kí ló dé tí Imú fi gbọ́dọ̀ máa tọ àgùntàn kiri? Ṣebí àgùntàn gbogbo ló ń mu omi. Gbé ẹyọ kan ṣoṣo sí ẹnu ọ̀nà ọpọ́n omi, kí wọ́n máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí géètì ya èyí tó bá ń rùn sọ́tọ̀. Bronwyn fò jáde nínú omi, ó ń sáré kiri nínú ilé tòun ti aṣọ ìnura, ó ń kígbe mọ́ ológbò rẹ̀.

Ẹni tó kàn láti gbọ́ lẹ́yìn ológbò ni Des Karageorgiou. Des ni yunifásítì gbà síṣẹ́ láti máa sọ èrò àwọn olùkọ́ di ọjà. Yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún un ní ọ́fíìsì, ìgbálẹ̀ méjì ṣì wà níbẹ̀. Ó kéré sí Bronwyn ní ọdún mẹ́rìndínlógún, àmọ́ irun orí rẹ̀ ti ń sá lọ, torí kò sí iṣẹ́ tó nira bí ká máa bẹ ọ̀mọ̀wé pé kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹwàá, ó gbé fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́rìnlá sílẹ̀ níwájú Bronwyn.

"Bronwyn, ọ̀rẹ́ mi, gbọ́ mi dáadáa. Títí di aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì, o ò mọ nǹkan kan nípa Imú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ nídìí tíì, bọ́ọ̀lù ni kó o sọ."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù."

"Ó tún dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà á tètè tán."

Ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ Sátidé ni àwọn àgbẹ̀ gbogbo agbègbè máa pé jọ fún ọjọ́ ìfihàn wọn, ìwé tí wọ́n máa pín fún wọn sì ti wà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé. Bí Imú ṣe ń ṣiṣẹ́ látòkè délẹ̀ wà lójú ewé kẹrin rẹ̀. Ìwé ẹ̀tọ́, èyí tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé lágbájá ló ronú kan nǹkan kí ẹlòmíràn má bàa ṣe é láìgbàṣẹ, gbọ́dọ̀ wọlé kí àgbẹ̀ kankan tó ṣí ojú ewé kẹrin yẹn. Ilé-iṣẹ́ kan ní Melbourne ti ṣe tán láti máa ṣe Imú tà, ṣùgbọ́n láìsí ìwé ẹ̀tọ́, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ pè wọ́n. Bí àwọn yẹn bá sì lọ, yunifásítì ti sọ ọ́ kedere pé tọ́dún bá parí, àwọn máa ti yàrá iṣẹ́ Bronwyn pa, àwọn á sì máa kó àga sínú rẹ̀. Imú á wọ kọ́bọ́ọ̀dù, ìdin á máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

"Ìbéèrè kẹsàn-án," ni Des wí. "Ta ló kọ́kọ́ ronú kàn án, níbo, nígbà wo?"

"Èmi ni. Nínú báàfù. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ."

"Ṣé kí n kọ báàfù?"

"Òtítọ́ ni."

Des kọ báàfù. "Ìkẹwàá. Ṣé ó ti wà lákọsílẹ̀ níbì kankan rí? Lẹ́tà, ìwé kíláàsì, ẹ̀yìn bébà tí wọ́n fi wé páì fún ọ?"

"Rárá."

"Ìdánwò ńkọ́?"

Bronwyn la ẹnu, ó tún pa á dé. Des rí i, ó sì gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kí lo bi wọ́n? Bronwyn, ìwé ìbéèrè ìdánwò wà lórí ayélujára fún tọmọdé tàgbà!"

"Fara balẹ̀. Ìbéèrè kẹrin, ọdún tó kọjá. Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa so ẹ̀rọ agbóòórùn mọ́ ara àgùntàn. Mọ́ ara! Ti ẹnu ọ̀nà omi kò sí níbẹ̀."

Des mí kanlẹ̀. "Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ìdáhùn wọn ńkọ́?"

"Ìdáhùn wà nínú àpótí, àpótí wà nínú yàrá títì. Ẹnì kan péré ló mú ìbéèrè yẹn. Àwọn yòókù sá fún un."

"Lọ wò ó, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

Ọkàn Des ò ní balẹ̀ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àmọ́ kò tíì mọ̀.

Nola Haddrick ló kọ ìdáhùn náà. Gbàrà tí Bronwyn rí orúkọ yẹn lára ìwé, ó rántí rẹ̀: ìyá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tó jókòó síwájú kíláàsì láàárín àwọn ọmọ ogún ọdún, tí àgùntàn rẹ̀ nìkan pọ̀ ju èyí tí gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka náà ti fọwọ́ kàn láyé wọn. Ọkọ rẹ̀ kú, ó sì ní òun máa kàwé, torí ogójì ọdún ni òun ti ń sin àgùntàn, òun sì fẹ́ mọ ìdí tí eṣinṣin fi ń yan ọ̀kan tó sì ń fi èkejì sílẹ̀. Ó gba mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta ni wọ́n fi ń yege. Kò padà wá mọ́.

Bronwyn ṣí i sí ìbéèrè kẹrin. Ìwé kíkọ rẹ̀ tóbi, ó dúró gbọin gbọin.

"Mi ò ní so nǹkan kan mọ́ àgùntàn," ni Nola kọ. "Ta ló fẹ́ máa so ó mọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta? Gbogbo wọn ló ń mu omi. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí ẹnu ọ̀nà ọpọ́n omi, kí wọ́n máa gba ibẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń rùn, kí géètì yà á sọ́tọ̀ kí n lè rí i tí mo bá dé."

Lábẹ́ rẹ̀, báírò pupa: "Ìbéèrè kọ́ nìyí. 2."

Bronwyn kà á tán, ó jókòó sórí àpótí, ó tún un kà. Oṣù mẹ́sàn-án gẹ́lẹ́ ló wà láàárín ọjọ́ tó kà á àti ọjọ́ báàfù. Oṣù mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ obìnrin náà fi wà nínú rẹ̀ bí oyún láìjẹ́ pé ó mọ̀, ó wá bí i sínú omi gbígbóná, ó sì sọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọn ò sọ fún wa ohun tí a ó máa pe àgbà tó gba ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n tán, tó wá fún ọlọ́gbọ́n ní méjì nínú ogún.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà gan-an ni àpótí ńlá kan wà, èyí tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí kí ẹ̀rọ lè gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lórí. Òfin yunifásítì sọ pé kí wọ́n pa ìdáhùn ìdánwò mọ́ di ìparí oṣù kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹwàá la wà yìí. Ó yẹ kí wọ́n ti gé e. Ká má parọ́, Bronwyn dúró níwájú ihò yẹn fún ìgbà tó gùn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni méjì lè ronú kan nǹkan kan náà, èyí sì jẹ́ òtítọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Nola ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n òun náà ti gba ìwé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá rí tó kọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìdárúkọ ẹni tó ni ín, ó sì mọ ohun tó pè wọ́n. Ó gbé ìwé náà sábẹ́ apá, ó gba ọ̀dọ̀ Des lọ.

Des kà á, ó gbé orí lé tábìlì.

"Ta ló tún mọ̀ nípa ìwé yìí?" ló béèrè láti ibẹ̀.

"Èmi àti ìwọ."

"O ò bá má fi hàn mí."

"Mo mọ̀."

"Olùkọ́ bá ronú kan nǹkan, yunifásítì ló ni ín, o ti fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ bá ronú kan nǹkan, òun ló ni ín. Ìyá yìí ló ni ẹnu ọ̀nà omi, Bronwyn. Ìwọ lo ṣe Imú. Tí kò bá bu ọwọ́ lùwé, tí wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la, gbogbo ẹ̀ ti wó nìyẹn." Ó gbé orí sókè. "Ibo ló ń gbé?"

Ogójì kìlómítà ni láti ìlú dé oko Nola, ojú ọ̀nà olókùúta. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n bá a nínú ọgbà, ó ń gé irun ìdí àgùntàn kí eṣinṣin má bàa rí ibi yé sí, ajá rẹ̀ sì wà lẹ́nu géètì, ó ń wo àwọn àlejò bíi pé iye wọn ló ń kà.

Nola na ẹ̀yìn rẹ̀. "Haà! Ta ni mò ń wò yìí? Dókítà Méjì-Nínú-Ogún fúnra ẹ̀!"

Bronwyn ti ṣètò ọ̀rọ̀ rẹ̀ látinú ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀: "Nola, mo wá bẹ̀ ọ́."

"Di èyí mú fún mi ná. Mi ò lè máa gé irun kí n tún máa gba ẹ̀bẹ̀."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tí àgùntàn ńlá kan ń ta á nípàá, ni Dókítà Bronwyn Tuckwell ti jẹ́wọ́. Ó sọ ti báàfù. Ó sọ ti àpótí. Ó sọ pé òun ka ìdáhùn náà, òun fún un ní méjì, òun sì wá jí i gbé láìmọ̀. Ọ̀bẹ irun dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dúró.

"Ó ń ṣiṣẹ́?" ni Nola béèrè.

"Ó ń ṣiṣẹ́. A fi igba àgùntàn dán an wò. Ó ya mọ́kàndínlógún sọ́tọ̀. Mọ́kàndínlógún yẹn gan-an ló ní ìdin."

Nola wo òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó wò ó pẹ́. "Mo mọ̀ pé ó máa ṣiṣẹ́," ló wí. Ó tún un sọ: "Mo mọ̀."

Des kò lè mú un mọ́ra. "Nola, mo bẹ̀ ọ́, dá mi lóhùn. Ta lo ti sọ fún? Àwọn ará àdúgbò? Ẹgbẹ́ àgbẹ̀? Ẹnikẹ́ni?"

"Kí n sọ kí ni fún ta ni? Kí n wọ ilé ọtí lọ́jọ́ Ẹtì, kí n ní ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará, mo gba méjì nínú ogún? Ọmọ mi tó wà ní Brisbane gan-an rò pé mo ṣì ń lọ sí kíláàsì."

"Ọlọ́run ṣeun!" ni Des kígbe, ojú wá tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ. Kọ́kọ́rọ́ kankan kì bá tí pa àṣírí Imú mọ́ bí ìtìjú obìnrin yẹn ṣe pa á mọ́. Ó dun Bronwyn wọ eegun. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àgùntàn fẹsẹ̀ gbá a níkùn.

Des ṣí fáìlì. "Ìdajì ohun tí Imú bá pa wọlé, tìẹ ni. Orúkọ rẹ máa wà lókè pẹ̀lú ti Bronwyn. Ibi tí o máa bu ọwọ́ lù rè é, àti ibí, àti ibí."

"Pa ìwé yẹn mọ́, ọmọ, ewúrẹ́ mi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Mi ò fẹ́ ìdajì." Ó dúró. "Irọ́ ni, mo fẹ́ ẹ, orí mi ò dàrú. Àmọ́ mi ò ní bu ọwọ́ lu nǹkan kan títí máàkì mi á fi pé."

"Máàkì?"

"Máàkì mi ti ìbéèrè kẹrin. Mo jókòó níwájú yẹn ní gbogbo ọ̀sẹ̀, mo ń wa ọkọ̀ lọ, mo ń wa ọkọ̀ bọ̀, mò ń ka ìwé yẹn títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Wọ́n wá fi lẹ́tà sọ fún mi pé mi ò mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo fẹ́ òmíràn tó máa sọ pé mo mọ̀ ọ́n."

"Nola," ni Des wí pẹ̀lú ohùn ẹlẹ́bẹ̀, "mo lè dá odidi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ kó tó di ìrọ̀lẹ́ òní. Máàkì yunifásítì..."

"Ẹ yára bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wá jẹ nǹkan."

Ó fún wọn ní búrẹ́dì elégédé tó gbóná pẹ̀lú bọ́tà. Des jẹ mẹ́rin nínú ìbànújẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì bá yunifásítì da nǹkan pọ̀ ò ní mọ ohun tí Des ń bẹ̀rù. Yunifásítì lè gba mílíọ̀nù dọ́là láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó kọ́ ilé olókè mẹ́ta, kó sì fi orúkọ ẹni tó mówó wá sọ ọ́. Àmọ́ kí máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò ní méjì? Òfin ní kí ẹni tó bá fẹ́ àtúnyẹ̀wò wá láàárín ogún ọjọ́. Oṣù mẹ́wàá ti kọjá. Ìgbìmọ̀ ìdánwò nìkan ló lè yẹ òfin náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ló ń jókòó, ó di oṣù kejìlá. Olùkọ́ tó fún ni ní máàkì sì gbọ́dọ̀ dúró síwájú wọn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣì í.

"Òṣìkà wo ló kọ òfin yìí?" ni Des béèrè ní Ọjọ́bọ̀, tó ń fi ìwé òfin náà lu orókún rẹ̀.

"Èmi ni," ni Bronwyn wí.

Des pa ìwé òfin náà dé.

Bronwyn fúnra rẹ̀ ló pe àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ márààrún lórí fóònù. Ọ̀kan wà nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú. Ọ̀kan wà lẹ́nu ìsinmi, ó ń gbin tòmátò. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ sọ pé kò ṣeé ṣe. Gbogbo wọn ló sì tún béèrè ohun kan náà: "Dúró ná. Ṣé ìwọ, Bronwyn, lo fẹ́ fi máàkì *kún* ti ẹnì kan?" Nígbà tó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìgbìmọ̀ pé. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn yẹn fún òun lẹ́yìn.

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alastair Penhaligon ló ṣe alága, ọkùnrin gíga kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bíi pé ẹnì kan ń sùn nínú yàrá náà. Nola jókòó sẹ́yìn nínú kóòtù búlúù rẹ̀, ọwọ́ lórí itan, ó ti irun rẹ̀ sẹ́yìn etí. Des dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di fọ́ọ̀mù mú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára aago.

Penhaligon ka ìwé náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó sì ti bá Bronwyn mu tíì láti ogún ọdún. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀.

"Bronwyn, ó dà bíi pé àṣìṣe ìṣirò ni. Bóyá méjì yìí, ohun mìíràn lo fẹ́ kọ. Bó bá jẹ́ ti ìṣirò ni, akọ̀wé lè tún un ṣe. Kò sí ẹni tó nílò láti sọ ohunkóhun nínú ìwé ìpàdé."

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún Bronwyn gbayawu. Kó sáà ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Máàkì Nola á pé, Imú á wọlé, orúkọ Bronwyn á sì máa dán lọ. Des ń mi orí ní ẹnu ọ̀nà bí aláàmù. Bronwyn wo ẹ̀yìn, ó rí Nola. Nola kò mi orí, kò ṣẹ́jú. Ó kàn ń wò ó bí ó ṣe máa ń wò ó nínú kíláàsì, bíi pé ẹni yìí máa sọ ohun tó jẹ́ òtítọ́.

Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bronwyn dìde.

"Kì í ṣe ìṣirò, Alastair. Méjì ni mo fẹ́ kọ, méjì ni mo kọ. Ìbéèrè mi ni kò dáa. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń so nǹkan mọ́ àgùntàn, kò ṣiṣẹ́, mo wá fi ìwà òmùgọ̀ mi ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Obìnrin yìí nìkan ló rí i. Kò dáhùn ohun tí mo béèrè, ó dáhùn ohun tó yẹ kí n béèrè. Mo sì fìyà jẹ ẹ́ fún un." Ó yíjú sí akọ̀wé. "Ó lọ sílé lérò pé òun ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mi ò mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé bẹ́ẹ̀."

Akọ̀wé kọ ọ́. Ẹni tó wá láti ìdí tòmátò fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mélòó ló tọ́ sí i?" ni Penhaligon béèrè.

"Méjìdínlógún."

Láti ẹ̀yìn, ohùn kan ní: "Kí ló dé tí kì í ṣe ogún?"

Ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bronwyn ò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú padà, ó sì dá a lóhùn bí olùkọ́ ṣe ń dá akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n lóhùn.

"O ò sọ ohun tí géètì máa ṣe bí àgùntàn méjì bá fún ara wọn kọjá lẹ́ẹ̀kan náà."

Nola rò ó. Ó rò ó dáadáa, ó fi ìka ya géètì sórí itan rẹ̀, ó sì mi orí. "Òótọ́ ni," ló wí. "Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Méjìdínlógún dáa."

Àwọn márààrún gbé ọwọ́ sókè. Mọ́kànlélógójì di mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni lẹ́tà jáde látinú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Penhaligon sì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Nola gbà á nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì, ó tún un kà, ó ká a, ó sì tì í bọ inú kóòtù. Des tí òógùn ti bò wá na fọ́ọ̀mù sí i. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ dè é: orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí. Ó ku ọwọ́ bíbù.

Nola sún mọ́ ògiri, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sí i, ó kà á láti òkè wá sílẹ̀. Ó dúró síbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Des ti kọ "àgbẹ̀" síbẹ̀.

"Nola, mo bẹ̀ ọ́," ni Des wí. "Ogójì ìṣẹ́jú."

"Mo ti ń bọ̀, ọmọ."

Ó fa ilà kan gba "àgbẹ̀" kọjá. Pẹ̀lú ìwé kíkọ rẹ̀ tó tóbi tó sì dúró gbọin gbọin, ó kọ "akẹ́kọ̀ọ́" sí òkè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bu ọwọ́ lùwé níbí, àti níbí, àti níbí.

Des la ẹnu láti bi í bóyá ó ti padà forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ó wo aago, ó já fọ́ọ̀mù gbà, ó sì sáré. Wọ́n ń gbọ́ bàtà rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ àkàbà.

Ó ku obìnrin méjì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi bọ́ lójú Bronwyn níbẹ̀ níwájú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kò sì wá ibi tó máa fi ojú pamọ́ sí.